Ọ̀nà Tí Màmá Alábẹ́rẹ́ Rán

Bí ẹ bá rí obìnrin àgbà kan tó wọ bàtà òjò ọkùnrin, bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tí abẹ́rẹ́ tó lówùú nídìí sì ń dán lọ́rùn aṣọ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè, òun náà ni. Màmá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe láti ìgbà ọmọge, abẹ́rẹ́ kò sì kúrò lọ́rùn aṣọ rẹ̀ rí, ì báà jẹ́ ibi ìsìnkú ló ń lọ. Ó ní èèyàn kì í mọ ìgbà tí bọ́tìnnì ẹlòmíràn yóò já.

Yàrá ìránṣọ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ìdí fèrèsé yẹn ló sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí kí ó lè máa rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ dúdú ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, irin ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ títí ó fi ń dán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni agolo bisikíìtì tó kún fún bọ́tìnnì wà, àti àpò àkísà, àti àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń dúró de aṣọ tó ti yẹ kó parí lánàá. Ẹ kúkú mọ àwọn télọ̀. Tí màmá bá gbójú sókè lórí iṣẹ́, pápá ló ń rí, pápá ńlá tí ẹnì kankan kò kọ́lé sí, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wọn títí dé etí odò kékeré kan. Ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ló wà lódìkejì odò náà.

Ilé iṣẹ́ omi yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà ọlọ́dà yí pápá po, gbogbo ayé ló sì ń gbà á, àfi bàbá yìí. Ó ní òun ò lè máa yí ayé po kí òun tó dé ibi tí òun ń fojú ara òun rí. Bó ṣe máa ń la àárín pápá kọjá nìyẹn, lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tòun ti bàtà òjò rẹ̀, títí koríko fi kú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀nà tínrín kan fi là. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Òun náà á dáhùn pé òun ò sọ pé òun fẹ́ gun ọ̀pẹ, ilé lòun ń lọ.

Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, fìlà rẹ̀ ni màmá á kọ́kọ́ rí níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ lọ sódò. Lẹ́yìn fìlà, èjìká. Lẹ́yìn èjìká, gbogbo ara, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń bí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti rí fìlà ló máa ń fi abẹ́rẹ́ sọ́rùn aṣọ, tí á sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé oúnjẹ kaná.

Bàbá wá ṣàìsàn, ó kú, wọ́n sin ín. A ò ní fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ ò dá nílé. Nígbà tó yá, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ó ku màmá ku ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni kì í ti í dáná mọ́ nírọ̀lẹ́. Oúnjẹ tútù ló ń jẹ nídìí iṣẹ́, tó bá rántí jẹ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílẹ̀ òkèèrè bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ló máa ń gbọ́ lórí fóònù, pé aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ òun. Irọ́ kọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo òótọ́.

Gbogbo òótọ́ ni pé, nírọ̀lẹ́, tí ojú bá ti rẹ màmá lórí òwú tínrín, tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ, tí oorun kan tí kì í ṣe oorun ń wọ ipénpéjú rẹ̀, tó bá gbójú sókè, á rí fìlà kan níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀. N ò sọ pé òkú jí o. Màmá náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, ìran náà á sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yẹn nìkan ló máa ń gbà bọ̀. Tí ọ̀nà náà bá fi lè parẹ́, màmá ò mọ ibi tí ọkọ òun yóò tún gbà dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè fi fèrèsé yẹn sílẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tí kò bímọ ló ni pápá náà. Kó tó kú, ó fi lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí i láéláé. Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ń fi àárọ̀ Sátidé wọn tọ́jú ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, láìgba kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni olórí wọn. Tíṣà náà ni wọ́n ṣì ń pè é, òun náà ò sì jáwọ́ ńbẹ̀, nítorí ó máa ń bá igi kéékèèké wí bó ṣe máa ń bá ọmọléèwé wí, á ní, "Ìwọ, dúró dáadáa." Nọ́ọ̀sì kan ni igbákejì rẹ̀, obìnrin ọlọ́rọ̀ dídùn tí kò lè fa koríko kan tu kó má bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí màmá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì wo ọrùn aṣọ rẹ̀, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, alábẹ́rẹ́ méjì ti pàdé: abẹ́rẹ́ tòun ń pa àgbàlagbà lẹ́kún, abẹ́rẹ́ ti màmá ń bo àgbàlagbà láṣìírí.

Gbogbo ènìyàn ló yin màmá pé ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ dúpẹ́, ó ní ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà ni màmá wá ṣọ́. Ó ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà ń gbin nǹkan káàkiri inú pápá, ó sì fẹ́ wà níbẹ̀ kí wọ́n má lọ gbin nǹkankan síbi tí kò yẹ lẹ́yìn òun.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára, a ò ní purọ́. Ó ki àkísà bọ inú bàtà òjò ọkọ rẹ̀ kó lè bá a lẹ́sẹ̀ mu, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ ní gbogbo Sátidé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń já ìtàkùn kúrò lọ́rùn igi kékeré láìṣẹ́ igi. Ó mọ òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ́ là, òórùn tútù tó máa ń tẹ̀ lé e délé tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà mìíràn, á dúró láàárín pápá, á wo fèrèsé ara rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, á máa rò ó pé báyìí ni ọkọ òun ṣe máa ń rí òun nígbà tó bá ń bọ̀. Kò ronú kan ibẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé.

Òjò ńlá kan ló tú ọ̀nà fó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé òjò náà, Tíṣà kó wọn lọ sétí odò. Omi ti pọ́n, ẹrẹ̀ ti dí i. Wọ́n fi ojú tọ ipa ẹrẹ̀ náà lọ sókè, ó sì gba inú ọ̀nà bàbá lọ tààrà. Ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ le, koríko ò hù síbẹ̀ mọ́, omi òjò sì ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó ti gbẹ́ ẹ débi pé níbì kan, ẹsẹ̀ ń wọlé dé orúnkún. Tíṣà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, àwọn sì ni onílé báyìí. Ó ní kí wọ́n dí ọ̀nà náà pa: kí wọ́n ro ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀ka igi dí ibi tó gbẹ́, kí wọ́n sì gbin irú òdòdó kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́.

Màmá wo omi pípọ́n yẹn, ó rí i pé òótọ́ ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé pé òkú ṣì ń lò ó? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọwọ́ ń gòkè lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Òun náà na tirẹ̀, ọwọ́ náà sì wúwo lára rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn, kùrukùru bo gbogbo pápá. Tíṣà ní ọ̀nà tó ń gbà gbin nǹkan. Ó ní òun ò fẹ́ rí ebè, òun ò fẹ́ rí ìlà, nítorí ilẹ̀ tí Ọlọ́run gbìn kì í tò. Ó bu òkúta wẹ́wẹ́ fún oníkálukú: kí wọ́n kẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbìn, kí wọ́n ju òkúta sẹ́yìn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí ni kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ sí. Màmá gba tirẹ̀, ó dà á sápò épúrọ́ọ̀nù, ó gbé ọ̀gbìn tirẹ̀, ó sì wọ inú kùrukùru lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi di ohùn lásán. Ohùn nọ́ọ̀sì wà níbì kan tó ń bá koríko jà. Ohùn Tíṣà wà níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, àwọn ohùn náà jìnnà. Bàtà bàbá mọ ibi tó ń lọ, ó sì ń gbé màmá lọ. Kí télọ̀ tó gbé aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ rán an, abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde, ojú òwú rẹ̀ á jìnnà síra, kí aṣọ má baà yẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti gbà á tán, á fa òwú yẹn yọ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ màmá ti ṣe láti ìgbà ọmọge nìyẹn, ọwọ́ náà ò sì dúró bi í léèrè. Ó gbẹ́lẹ̀, ó fi ọ̀gbìn kan sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ́sẹ̀. Ó tún gbẹ́lẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan ń rìn díẹ̀ níwájú rẹ̀, tí kò yára, tí ń mí bí ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ ti rẹ̀. Màmá ò pè é. Ó kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Nígbà tí kùrukùru gbéra, etí odò ló bá ara rẹ̀, ọ̀gbìn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ bó ṣe débẹ̀. Àwọn ọ̀gbìn náà kéré, wọ́n ti da koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkankan. Nígbà tó délé tó fẹ́ fọ épúrọ́ọ̀nù ni òkúta wẹ́wẹ́ dà sínú abọ́ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ pátá, kò tíì ju ẹyọ kan nínú wọn sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe. Ó kó òkúta náà sínú agolo bọ́tìnnì, ó dé e, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò rọ̀, oòrùn ràn. Ọ̀nà parẹ́ lójú fèrèsé, ìrọ̀lẹ́ sì ṣófo fún màmá. Ó ń gbójú sókè, kò rí nǹkankan ju pápá lọ. Ọmọ rẹ̀ tún pè, màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà láti kó lọ. Àfi bí ó ṣe gbójú sókè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀nà wà níbẹ̀. Òdòdó ti là. Àwọ̀ ìyeyè ni, ìlà kan gbọọrọ láti ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé wọn. Atẹ́gùn gbéra láti odò, ó kan òdòdó tó wà níkángun, ó kan èkejì, ó kan ìkẹta, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yára, ó ń bọ̀ wálé. Màmá fi abẹ́rẹ́ sọ́rùn aṣọ, ó dìde, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti lọ gbé oúnjẹ kaná kó tó rántí. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi tó ń dun ni.

Bó ṣe wà nìyẹn fún ìgbà kan. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ nírọ̀lẹ́, á dúró lórí iṣẹ́, á máa wò ó títí á fi dé. Àwọn oníbàárà ń bínú pé aṣọ àwọn kò tètè parí mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ojú òun ń ro òun.

Ohun tí màmá ò rò ni pé ẹsẹ̀ ọmọ aráyé fẹ́ràn ìlà. Ibi tí wọ́n bá ti to òdòdó sí gbọọrọ báyìí, èèyàn á rò pé wọ́n ní kí òun gba ibẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀gbẹ́ òdòdó. Àwọn olólùfẹ́ náà gba ibẹ̀, àti ẹni tó ń mú ajá rìn. Koríko ń dùbúlẹ̀, ilẹ̀ ń hàn. Màmá ló kọ́kọ́ rí i, nítorí òun nìkan ló ń wò ó látòkè, ó sì dákẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbójú sókè, ó rí fìlà níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀. Fìlà náà ò pòórá. Èjìká tẹ̀ lé e, ara tẹ̀ lé èjìká, màmá sì dìde lórí àga. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ni, tó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ju ọ̀rá rẹ̀ sáàárín òdòdó, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó kọjá lọ.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi odò tún pọ́n.

Tíṣà ò mọ ibi tí ẹrẹ̀ náà tún ti ń wá. Ó ní òun fẹ́ dúró síbi gíga kí òun wo gbogbo pápá, fèrèsé màmá sì ni kò ní ohunkóhun tó dí i lójú. Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń mí hẹlẹ, ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga oníbàárà kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ sójú fèrèsé. Ó wo ìlà òdòdó. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo abẹ́rẹ́ ọrùn aṣọ màmá, ó tún wo ìlà òdòdó.

"Màmá," ó ní, "ta lẹ rán aṣọ yìí fún?"

Màmá ò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wí. "Bàbá ọmọ mi ni," ó dáhùn. "Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wálé."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pẹ́ lórí ìnùnù náà. Ó ní tó bá jẹ́ tòun nìkan ni, òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní òun lè bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń rí ẹni méjì tí wọ́n ń tọ ẹ̀gbẹ́ òdòdó bọ̀ lábẹ́ fèrèsé, tí ohùn rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ṣí agolo bọ́tìnnì, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Òwú tí a bá fi ọwọ́ rán kì í pẹ́ lára aṣọ, Tíṣà. Èmi ni mo rán an. Ẹ jẹ́ kí n tú u fúnra mi."

Ní Sátidé, ó tú u. Ó gbẹ́ òdòdó náà tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ó ń fo ọ̀kan, ó ń mú ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń yọ òwú, kí ìlà náà lè túká, kí àwọn tó kù sì di ilẹ̀ mú. Tíṣà àti àwọn tó kù ń ro ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ tún ti tẹ̀, wọ́n ń kó ẹ̀ka igi lé e; nọ́ọ̀sì nìkan ló dúró tì í láti bá a gbin èyí tó bá hú. Màmá kọ́kọ́ kọjú sí ọ̀nà, ó ju òkúta síwájú, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sórí ọ̀nà padà. Nọ́ọ̀sì ní màmá ń ju òkúta bí ẹni tó ń ju oúnjẹ sádìẹ ara rẹ̀, kó kẹ̀yìn síbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Màmá yí padà. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn, kò kẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ rẹ̀ ń gbà bọ̀ rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òkúta ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jù wọ́n sẹ́yìn, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sínú koríko níbi tí kò mọ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lọ ń wá òkúta náà kiri láìsọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó ń dá màmá dúró nídìí fèrèsé mọ́. Ó parí aṣọ àwọn oníbàárà, ó sì lọ kí ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ lọ́hùn-ún. Ó bá wọn tún gbogbo kọ́tìnnì ilé rán, ó bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré, òjò odidi ọdún kan sì ti rọ̀ tán kó tó padà.

Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé dé. Kò tíì tú ẹrù tó fi gun òkè lọ ṣí fèrèsé. Òdòdó ti so, èso ti gbọ̀n, atẹ́gùn ti gbé e kiri, gbogbo pápá ti di àwọ̀ ìyeyè láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí odò, omi odò sì mọ́. Màmá wá ojú ọ̀nà, kò rí i. Ó wo ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ láti ibẹ̀ bọ̀, kò rí i. Ó ti rò pé ọjọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀, nǹkan yóò já nínú òun, ó sì dúró dè é.

Atẹ́gùn ló gbéra láti odò. Kò gba ojú kan bọ̀. Gbogbo òdòdó inú pápá ló tẹ̀ síhà ilé lẹ́ẹ̀kan náà, lápá ọ̀tún, lápá òsì, níbi gbogbo tí ojú rẹ̀ ká, kò sì mọ èyí tí yóò máa wò mọ́.

Ó fi abẹ́rẹ́ sọ́rùn aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé oúnjẹ kaná, ó sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná.